Obì Tó Ń Dún

Agogo mẹ́rin ìdájí, ní Mákun, Ṣágámù:
fóònù mẹ́ta figbe ta lórí ibùsùn mi
bí ìbẹta tí ebi pa lẹ́ẹ̀kan náà.
Ọ̀kan ń jí mi.
Ìkejì ń rán mi létí pé ìkíní yóò jí mi.
Ẹ̀kẹta, n kò mọ ohun tó ń wí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá oníṣòwò ṣírò owó.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi ìwé owó-orí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀nàbàdéjọ
ránṣẹ́ sí ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Ìpẹru.
Onítọ̀hún fèsì: "Mo rí i o, ẹ ṣeun.
Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ẹlẹ́dẹ̀ mi di ẹgbẹ̀rún?"

Nínú kọ̀ǹpútà mi, fáìlì "Àṣekágbá" wà,
"Àṣekágbá Gan-an" wà,
"Àṣekágbá Tòótọ́ Má Fọwọ́ Kàn Án" náà wà.
Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára dọ́gba. Ta ni mo ń purọ́ fún?

Àbúrò mi Ṣówándé ní kí n ra òmíràn, èyí tó láyè nínú.
Ìyá wa gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń ṣa gbànja:
"Agbọ̀n tuntun kì í lé kòkòrò kúrò lára obì."

Mo jáde lọ jókòó tì í.
Èyí tó ń lọ Kánò wà lọ́tọ̀, lábẹ́ ewé tútù;
èyí tí a ó tà láàárọ̀ ọ̀la wà lọ́tọ̀.
Ó mú ẹyọ kan, ó gbé e léwọ́ díẹ̀, ó jù ú nù.
Kò tilẹ̀ wò ó.
Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀?
"Èyí tí kòkòrò ti jẹ ikùn rẹ̀ máa ń fúyẹ́.
Ṣùgbọ́n o ní láti gbé e. Èèyàn kì í mọ̀ ọ́n láti òkèèrè."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, tí mo ń gbé e níkọ̀ọ̀kan.
Ṣájà mọ́kànlá, wáyà wọn ta kókó
bí irun tí a kò yà láti ìgbà ọyẹ́;
mẹ́fà nínú wọn, fóònù tó ni wọ́n ti kú tipẹ́.
Àwòrán ẹgbàajì: rìsíìtì, àtẹ́lẹsẹ̀ ara mi,
ìgbéyàwó ẹni tí n kò mọ̀ rí,
àti igba òdòdó tó ń kí mi kú Ọjọ́ Ajé
láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òde-Rẹ́mọ.
Ó fúyẹ́. Mo pa á rẹ́. Ó fúyẹ́. Mo pa á rẹ́.
Mo dé orí èyí tó kẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé ló fi ránṣẹ́;
Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn la sin ín.
Òdòdó pupa kan lásán, lẹ́tà rẹ̀ wọ́.
Mo gbé e títí ọwọ́ fi ń ro mí.
Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, fóònù iṣẹ́ ti bá kọ̀ǹpútà gbé ní iyàrá iwájú,
wọn kò sì gbọdọ̀ bá mi wọ yàrá sùn.
Fóònù ẹbí nìkan ló bá mi jẹun.
Àṣekágbá ku ẹyọ kan, ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀.
Ọ̀nàbàdéjọ rí ìwé rẹ̀ gbà.
Irọ́ ni bí mo bá ní ọkàn mi balẹ̀:
ìgbà mélòó ni mo fọwọ́ kan àpò òfìfo lálẹ́ yẹn!

Ẹ̀kẹta ńkọ́? Mo yọ síìmù rẹ̀, mo fún Ìyá.
Ó ní kí lòun ó fi ṣe.
Ìwé ìṣirò tirẹ̀, ọdún kẹrìnlélógún rèé,
bírò kan ló fi ń kọ ọ́, okùn ló fi so bírò mọ́ ọn.
Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn,
ó fi í tẹ ewé orí agbọ̀n Kánò, kí atẹ́gùn má baà ṣí i.

Oorun ọ̀hún dùn, ká má parọ́.
Agogo mẹ́rin ìdájí,
ohùn Ìyá já wọ inú àlá mi láti gbọ̀ngán:
"Ẹ dìde, ẹ wá wò ó o!
Obì mi ń dún!"